Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀ ní Ọjọ́ Ìkómọjáde

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Àpáta, Ìbàdàn

A mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, kò tíì fi oúnjẹ kan ẹnu. A kò ní pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ wa jẹ mọ́ ayẹyẹ inú ẹbí, pàápàá ìkómọjáde. Kì í ṣe pé a fẹ́ kọ́ yín bí a ti í ṣe é. Ta ni yóò kọ́ ará Ìbàdàn bí a ti í ṣe àríyá? Ohun tí a fẹ́ wò ni àwọn nǹkan kéékèèké tí ó máa ń wà níbẹ̀, tí wọ́n ń dùn mọ́ni lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń sọnù nígbà tí ó bá yá nítorí pé ẹnikẹ́ni kò kọ wọ́n sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná. Bí a bá ní kí ọ̀kan nínú yín sọ̀rọ̀ nípa àríyá tí ó lọ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kí ni yóò sọ? Kò ní sọ iye àga tí wọ́n háyà. Kò ní sọ ti àtíbàbà tí wọ́n ta sí ojú títì, nítorí pé bákan náà ni gbogbo àtíbàbà rí. Aṣọ ẹbí ńkọ́? Òmíràn ti di aṣọ tí a fi ń nu ilẹ̀. Ohun tí yóò sọ ni pé ìyá ọkọ jó títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Pé òjò dé lójijì, gbogbo ènìyàn gbé abọ́ ìrẹsì wọn, wọ́n sá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Pé wọ́n fi oyin kan ọmọ tuntun lẹ́nu, ọmọ náà ń lá ètè, ó fẹ́ sí i. Èyí gan-an ni àríyá lójú tiwa. Ìyókù, owó ni a fi ń rà á, àwọn mìíràn sì ń fi gbèsè rà á, èyí tí a kò fọwọ́ sí rárá.

Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé abọ́ oníke tí wọ́n pín níbi ìgbéyàwó wọn, tí wọ́n tẹ orúkọ àti ọjọ́ sí lára, ni wọ́n fi ń rántí ọdún tí wọ́n fẹ́ ara wọn. Lọ́jọ́ tí abọ́ náà bá fọ́, ọdún náà fọ́ pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ilé ọmọ tuntun. Láyé àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí Àlùfáà Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń kó ọmọkùnrin jáde, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Ti àwọn Mùsùlùmí, ọjọ́ kẹjọ ni, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Lónìí ní Ìbàdàn, ọjọ́ kẹjọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti gbogbo ènìyàn. Bí a bá bí ọmọ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e ni a ó kó o jáde, nítorí pé Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí a bí i mọ́ ọn.

Ẹ wo ohun tí wọ́n tò sílẹ̀. Omi tútù nínú abọ́, iyọ̀, oyin, orógbó, obì, atare, epo pupa, ẹja, ìrèké, àádùn. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, kò tó owó ẹsẹ̀ màlúù kan. Ṣùgbọ́n bí màlúù bá wà tí ìwọ̀nyí kò sí, àwọn àgbà yóò béèrè pé irú ìkómọ wo nìyí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń mú wọn, tí wọ́n ń fi wọ́n súre. Orógbó, kí ọmọ gbó. Obì, kí ó bi ikú àti àrùn sẹ́yìn. Atare, nítorí pé inú rẹ̀ kún fún ọmọ, kí ilé ẹni tí a ń sọ lórúkọ kún bẹ́ẹ̀. Omi, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè bá omi ṣe ọ̀tá. Ẹja, nítorí pé orí ni ó fi ń la ibú já. Ti iyọ̀ àti oyin kò nílò àlàyé. Wọ́n á fi díẹ̀ kan ọmọ lẹ́nu, ìyá rẹ̀ á tọ́ ọ wò, lẹ́yìn náà ni abọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí ilé ká, láti ọ̀dọ̀ àgbà dé ọ̀dọ̀ ọmọdé. Àwọn ọmọdé kò gbọ́ ìkankan nínú ìwúre náà o. Àádùn ni ojú wọn wà lára.

Àwọn ilé kan ṣì ń da omi sí orí òrùlé, kí ó kán sí ọmọ lára bí òjò, kí ó mọ̀ pé ayé ni òun dé yìí. Bí ọmọ bá ké, inú wọn á dùn. Ní ilé Mùsùlùmí, àwọn ààfáà á ṣe àdúrà, wọ́n á fá irun orí ọmọ, wọ́n á pa àgbò. Ní ilé onígbàgbọ́, pásítọ̀ ni yóò gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí ìgò oyin lórí tábìlì tirẹ̀ náà. Ẹ̀sìn kò bá oyin jà.

Nígbà tí ó bá kan orúkọ, ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́. Àwọn bàbá wa àtijọ́ kò ní bírò, wọn kò ní tákàdá. Orúkọ ni wọ́n fi ṣe ìwé. Ohunkóhun tí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ ìbí, inú orúkọ ni wọ́n ń kó o sí. Ẹni tí ó bá ń jẹ́ Abíọ́nà, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti bí i. Béjídé bá òjò dé. Abíọ́dún bọ́ sí àsìkò ọdún. Ìgè, ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mú jáde. Àjàyí dojú bolẹ̀ wá. Òjó jẹ́ ọkùnrin tí ìwọ́ wé mọ́ lọ́rùn. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, Àìná ni. Babátúndé, bàbá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kí ó tó dé ni. Ẹ wá wo Kòsọ́kọ́: ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ kò sí mọ́, nítorí náà kí ọmọ yìí má ṣe kú bí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí mọ̀ pé ilé náà ti sunkún rí. Ìwé wo ni ó kúrú jù báyìí lọ tí ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó báyìí?

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Ọmọ kan kì í gba orúkọ kan. Bàbá bàbá á sọ tirẹ̀, á ju owó sínú abọ́ omi. Ìyá bàbá á sọ tirẹ̀, á fi oríkì mọ́ ọn: Àbẹ̀kẹ́ ni, tàbí Àṣàkẹ́, bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Àkànní tàbí Àjàní. Àwọn ará ilé ìyá ọmọ náà á sọ tiwọn. Ọ̀rẹ́ bàbá, aládùúgbò, gbogbo wọn á sọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ lè ti ní orúkọ mẹ́wàá. Nígbà tí ó bá fi máa pé ọdún kan, ó ku mẹ́ta. Nígbà tí ó bá wọ ilé ẹ̀kọ́, ó ku ẹyọ kan àti orúkọ bàbá rẹ̀. Ibo ni ìyókù lọ? Orúkọ tí ìyá ìyá ọmọ sọ ọ́, òun nìkan ni ó ń pè é títí. Lọ́jọ́ tí màmá náà bá kú, orúkọ náà á bá a wọ sàréè. Ọmọ á dàgbà, kò ní mọ̀ pé òun jẹ́ orúkọ kan rí, kò sì ní mọ ohun tí màmá ń rò lọ́kàn nígbà tí ó yàn án fún òun.

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Àwọn àgbà kò kọ ọ́ sílẹ̀, ṣebí wọ́n rántí." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú agboolé ni wọ́n ń gbé. Ní Ọjàaba, ní Bẹẹrẹ, ní Òjé, bí o bá gbàgbé, ìyá àgbà kan wà ní yàrá kejì tí kò gbàgbé. Àpáta tiwa yìí ńkọ́? Ayálégbé ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹnìkan wá láti Ìṣẹ́yìn, ẹnìkan láti Iléṣà, ẹnìkan láti Abẹ́òkúta, ẹnìkan láti inú Ìbàdàn gan-an. Obìnrin tí ó wẹ ọmọ rẹ ní ọjọ́ kìíní lè ti kó lọ sí Èkó kí ọmọ náà tó rìn. Láńlọ́ọ̀dù tí ó sọ ọ́ lórúkọ lè ta ilé rẹ̀. Kò sí agboolé tí yóò bá wa rántí níhìn-ín. Bírò ni agboolé wa.

Ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Orúkọ lè sọ pé òjò rọ̀, kò lè sọ ọdún wo. Àwọn ìyá wa máa ń fi ohun ńlá mọ ọdún. Wọ́n á ní, ọdún tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn: 1901 nìyẹn. Wọ́n á ní, ọdún tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó: 1929 ni, ọdún kan náà tí wọ́n dá Government College tí ó wà ní Àpáta wa yìí sílẹ̀. Ọdún tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, 1956. Ìgbà ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, 1968 sí 1969. Ọdún tí Ògùnpa kún, tí omi ya wọ ilé, 1980. Ọgbọ́n ni, a kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún kan ní oṣù 12 nínú, Àgbẹ́kọ̀yà sì ju oṣù kan lọ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí kó ọmọ wá wìtìwìtì. Wọ́n béèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni, ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Kí ni àwọn olùkọ́ ṣe? Wọ́n ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí ó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ó tó ilé ìwé. Bí kò bá kàn án, kí ó padà sílé. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú dúró nílé, àbúrò rẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn wọlé. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ṣòfò ọdún kan tàbí méjì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi ojú dá ọjọ́ ìbí fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan lọ búra ní kóòtù lórí ọjọ́ tí wọn kò mọ̀. Ọjọ́ yẹn sì ni iṣẹ́ ń tẹ̀ lé: ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó ń fẹ̀yìntì bí wọ́n bá pé ẹni 60 ọdún, tàbí bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ fún 35 ọdún, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta kún ọjọ́ orí rẹ̀ ní kékeré lè fi ọdún mẹ́ta owó oṣù ṣòfò ní àgbà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Àlùfáà Johnson tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà sì sọnù, wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Bàbá náà kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn ìwé pélébé pélébé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì fi wọ́n tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní 1916 wọ́n fi èyí náà ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Ogun ńlá ń jà nígbà náà, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà! Síbẹ̀ ìwé náà jáde ní 1921. Bí kì í bá ṣe ti ìwé pélébé tí ó wà nílé, a kì bá tí mọ ohun tí a mọ̀ lónìí nípa bí àwọn bàbá wa ti ń kó ọmọ jáde. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ohun tí òun kọ kéré jù.

Wàyí o, báwo ni ẹ ó ti ṣe é? Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ń lò ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹ yan ẹnìkan tí yóò kọ̀wé lọ́jọ́ náà. Kí ó má jẹ́ bàbá ọmọ, kí ó má jẹ́ ìyá ọmọ. Ọwọ́ wọn dí, ó sì ti rẹ̀ wọ́n. Àbúrò ìyá ọmọ dára. Kí ó jókòó nítòsí abọ́ omi, kí ó sì máa kọ orúkọ bí wọ́n ti ń sọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Bí kò bá yé e, kí ó béèrè lọ́wọ́ àgbà náà níbẹ̀. Ìyókù, kí ó kọ ọ́ kí ó tó sùn. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ó ti ń gbàgbé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Àwa ni a rò ó, kì í ṣe ti ilé ẹnìkan:

"Obìnrin ni. A bí i ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2023, kí ilẹ̀ tó mọ́. A kó o jáde ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 10 oṣù Kẹta. Bàbá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìbùkúnolúwa. Ìyá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́. Ìyá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní Bọ́láńlé, nítorí pé bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù ilé tirẹ̀ ni. Owó bébà ṣọ̀wọ́n ní oṣù náà, ènìyàn mẹ́rin kò rí owó jù sínú omi. Wọ́n fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Oyin tán kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé. Nígbà tí omi kán sí ọmọ lára, kò ké. Ó sín."

Ṣé ẹ rí i? Kò kún ojú ewé kan. Ṣùgbọ́n ní ogún ọdún sí i, bí ọmọ náà bá ka ibi tí wọ́n kọ pé òun sín, ẹ̀rín ni yóò fi rín. Yóò mọ̀ pé ilé titun ni wọ́n bí òun sí. Yóò béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí owó bébà ní 2023, wọ́n á sì sọ ìtàn rẹ̀ fún un.

Ẹ má gbàgbé àmì ohùn tí a kọ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Bí ẹ bá kọ Kòsọ́kọ́ láìfi àmì sí i, ẹni tí kò mọ ilé yín lè kà á sí pé kò sọ́kọ̀, bí ẹni pé ibùdókọ̀ ni wọ́n ti bí ọmọ náà tí mọ́tò kò dé.

Fọ́tò náà ṣe pàtàkì. Gbogbo wa ni a ń fi fóònù yà á báyìí, ṣùgbọ́n fóònù ń bọ́ sómi, wọ́n sì ń jí i. Ẹ tẹ méjì tàbí mẹ́ta sórí bébà, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀yìn, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Fọ́tò tí kò ní orúkọ lẹ́yìn, bí ó bá pé ọgbọ̀n ọdún, àjèjì ni gbogbo ojú inú rẹ̀.

Bákan náà ni ti ìgbéyàwó, ti ìṣílé, ti ìsìnkú arúgbó. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni a ó kọ. Ẹni tí ó wá láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀rọ̀ tí àgbà kan sọ, oríkì tí wọ́n kì, èyí tó.

Ìwé ìjọba yàtọ̀ sí èyí, ẹ má ṣe fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Òfin 1992 ní kí a forúkọ gbogbo ọmọ tí a bá bí sílẹ̀, àjọ tí ó ń ka ènìyàn ní orílẹ̀-èdè wa, tí wọ́n ń pè ní NPC, ni ó sì ń gba orúkọ náà. Ẹ ṣe é kí 60 ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí tí wọ́n bá fún yín. Ìwé ẹ̀rí náà mọ ọjọ́ ìbí. Kò mọ ẹni tí ó sọ ọmọ ní Àbẹ̀kẹ́. Ẹ kó méjèèjì sínú ọ̀rá kan náà, kí ẹ gbé e sókè, nítorí ikán àti eku. Bí agbára bá wà, ẹ da ti inú ilé kọ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ọ̀kan sọ́dọ̀ àwọn ará ilé ìyá ọmọ.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà kò pẹ́ jù. Bí ìyá tàbí ìyá ọkọ rẹ bá wà láàyè, jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́, kí o bi í ní orúkọ tí ó sọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, àti ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá gbàgbé ọdún, ẹ bi wọ́n ní ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígboro ní ìgbà náà. A ó jọ wá ọdún rẹ̀ níbí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ojú ewé kan tí ó kọ wá, kí a jọ fi àmì sí àwọn orúkọ náà. Ẹni tí kò bá ní bírò, a ní mélòó kan nílẹ̀.